ÌBỌN TÍ Ó KỌ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Ìdákẹ́ Ìbọn àti Ààbò Ènìyàn ní Àwọn Abúlé Àyíká Ìbàdàn



Nígbà tí àwa òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìbọn ní ilẹ̀ Yorùbá, ariwo rẹ̀ ni etí wa máa ń gbọ́. Ogun tí àwọn Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bá ara wọn jà kò ní orúkọ tí ó gbajúmọ̀ ju Kírìjì lọ, dídún ìbọn ni orúkọ náà sì ń ṣe àpèjúwe. Lónìí, mo fẹ́ kí a yí etí wa sí apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìbọn tí a fà, tí kò dún. Mo fẹ́ fi hàn pé ìdákẹ́ yẹn jẹ́ ẹ̀rí ìtàn gẹ́gẹ́ bí ariwo ti jẹ́, àti pé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọdẹ wa rí kọ́ nínú rẹ̀ kò tíì di ohun tí a lè sọ nù.

Àwọn ọdẹ a máa sọ pé ìbọn “kọ̀”. Ọ̀rọ̀ náà bá a mu gan-an. Ẹni tí ó kọ̀ ní òwúrọ̀ lè gbà ní ọ̀sán. Kíkọ̀ kì í ṣe kíkú. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìbọn sì ń gbà kọ̀. Ó lè kọ̀ pátápátá, kí ó má dún rárá. Ó lè fi ìdúnrẹ̀ falẹ̀, kí ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kí ó tó bú. Ó sì lè dún ní àbọ̀, kí ọta má jáde, kí ó há sínú ọ̀pá ìbọn. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tí ó mú ìbọn náà lọ́wọ́ ni ó wà nínú ewu jù lọ.

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ní abúlé oko kan ní ìhà Lálúpọn, ọdẹ àgbà kan àti ọmọ àbúrò rẹ̀ jáde ní òru lọ ṣe ọdẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rí ẹtu, ó fa ìbọn, ìbọn kọ̀. Ó dúró fún bí ìgbà tí ènìyàn mí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó gbé ìdí ìbọn kalẹ̀, ó sì tẹ orí ba sí ẹnu rẹ̀ láti wo ohun tí ó ṣe é. Bàbá náà fi ẹsẹ̀ ta ìbọn ọ̀hún. Bí ó ti ń ṣubú ni ó dún. Èmi kò sí nínú igbó, ṣùgbọ́n mo wà ní àgbàlá nígbà tí wọ́n dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà láàyè. Etí rẹ̀ ọ̀tún ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́ lẹ́nu bàbá náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn: “Ìwọ ọmọ yìí, ìbọn kọ̀, o ní ó kú?” Ìbéèrè yẹn ni ó bí ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ níhìn-ín.

Bí ìbọn ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ogun ni ó kó àwọn tí wọ́n tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829 jọ. Nípa ogun Òwu tí ó ṣáájú ìtẹ̀dó náà, Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó parí ní 1897 tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, sọ fún wa pé àwọn Ìjẹ̀bú lo ìbọn, nígbà tí ó jẹ́ pé idà àti ìjà ìfojúkojú ni àwọn Òwu gbójú lé. Láti ìgbà náà, ìbọn di ohun tí balógun kò lè ṣe aláìní. Nígbà tí ó di 1877, Ààrẹ Látòósà rán ènìyàn lọ títí dé Àjàṣẹ́, ìyẹn Pọ́tò-Nófò, lọ ra ìbọn àti ẹ̀tù. Ìrìn àjò yẹn wà lára ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá ní ọdún náà.

Ṣakabùlà ni irú ìbọn tí ó pọ̀ jù lọ. Ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́ọ̀mù ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fún títà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹnu ni a ti ń ki í. A ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, a ó fi ọta tẹ̀ lé e, a ó sì tún dì í kí ó má baà bọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ọ̀pá ìbọn ni àwo irin kékeré kan wà tí a ń da ẹ̀tù díẹ̀ sí. Bí a bá fà á, akọ òkúta á ṣá irin, ìpẹ́pẹ́ iná á ta sínú àwo, iná á sì gba inú ihò tóóró kan wọlé lọ bá ẹ̀tù tí ó wà nínú.

Bí a bá ro ọ̀nà yìí wò dáadáa, a ó rí i pé ibi mẹ́rin ni ìbọn ti lè kọ̀. Akọ òkúta lè ti kú lẹ́nu. Ẹ̀tù inú àwo lè ti fa ìrì. Ihò tóóró náà lè ti dí nítorí ìdọ̀tí ẹ̀tù tí ó ti jóná ṣáájú. Ẹ̀tù tí ó wà nínú pàápàá lè ti tutù. Nígbà mìíràn iná á bú gbàù nínú àwo, ojú á rí i, imú á gbọ́ òórùn rẹ̀, síbẹ̀ kò ní wọlé. Nígbà mìíràn á wọlé, ṣùgbọ́n á máa rákòrò bí iná abẹ́ ewé gbígbẹ, a ó rò pé ó ti kú.

Kíka iye ìgbà tí ìbọn kọ̀

Báwo ni èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ tó? Kò sí ẹni tí ó jókòó ní ibùdó ogun Ìbàdàn tí ó ń ka iye ìbọn tí ó kọ̀. Ṣùgbọ́n níbòmíràn, wọ́n kà á. Ní 1834, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dán ìbọn olókúta àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ wò ní Woolwich, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Nínú 6,000 ìgbà tí wọ́n fà á, ìgbà 922 ni ó kọ̀. Èyí jẹ́ ìgbà 2 nínú 13. Wọ́n dán oríṣi kejì wò pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí kò lo òkúta, tí ó jẹ́ pé ìdérí bàbà kékeré tí a ń pè ní kápù ni ó ń fún un ní iná. Orí ọgbọ́n tí Alexander Forsyth, àlùfáà ìjọ ní Scotland, gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1807 ni wọ́n gbé e kà. Òun kọ̀ ní ìgbà 36 péré nínú 6,000.

Ẹ jẹ́ kí a gbé iye yìí wá sí ilé. Ìbọn ọmọ-ogun ọba ni èyí tí ó kọ̀ ní ìgbà 2 nínú 13. Èmi kò rò pé ìbọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe fún títà, tí ó ti gba ọwọ́ alágbàtà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá, tí òjò sì ti pa lójú ọ̀nà, yóò ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí jagunjagun kan bá kọjú sí ìbọn 13 lójú ogun, ó ṣeé ṣe kí 2 nínú wọn kọ̀ sí i lára kí ọ̀rọ̀ oògùn tàbí orí rere tó wọ̀ ọ́. N ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí láìpẹ́.

Ewu ńlá kan tún wà nínú ìbọn tí ó kọ̀ láàrin ariwo. Ẹni tí ó fà á kò ní mọ̀ pé ó kọ̀. Gbogbo àyíká ń dún, èéfín bo ojú, ó gbà pé tirẹ̀ náà ti dún, ó sì ki ẹ̀tù àti ọta mìíràn lé ti àkọ́kọ́ lórí. Lẹ́yìn ogun Gettysburg ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje 1863, wọ́n ṣa ìbọn 27,574 ní pápá ogun náà. Nǹkan bí 24,000 nínú wọn ni ó ṣì ní ẹ̀tù àti ọta nínú. Nǹkan bí 12,000 ni a ti kì lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan bí 6,000 ni a ti kì láti ẹ̀ẹ̀mẹ́ta títí dé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. A sì rí ọ̀kan tí a ti kì ní ìgbà 23. Ọmọ-ogun tí a kọ́ ni àwọn wọ̀nyí, kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ìbẹ̀rù àti ariwo ni ó gba iyè wọn. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ nínú ìtàn ìdílé pé ìbọn fọ́ mọ́ baba ńlá lọ́wọ́, kí a má tètè di ẹ̀bi ru àwọn ọ̀tá tàbí alágbẹ̀dẹ. Ó ṣeé ṣe kí ìbọn náà ti kọ̀ nígbà kan, kí ẹnì kankan má mọ̀.

Ìdí tí ìbọn àtijọ́ fi dúró pẹ́

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ìdí tí ìbọn ayé Látòósà fi wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti ọdẹ ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà títí di ìgbà tiwa. Àìmọ̀kan kọ́ ni ó fà á. Ní àárín ogun Kírìjì, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó ti fi ìbọn tuntun tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn, àwọn Ìbàdàn sì fojú rí ohun tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Wọ́n mọ èyí tí ó dára jù. Òfin ni ó dá wọn dúró. Ní ọdún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Brussels. Àdéhùn náà kà á léèwọ̀ láti máa kó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tí ó pọ̀ jù lọ ní Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá ilẹ̀ títí dé ìlà 22 ní gúúsù. Ìbọn olókúta àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n fi ààyè sílẹ̀ fún. Wọ́n ní òwò ẹrú ni àwọn ń dá dúró. Ṣùgbọ́n òfin kan náà mú kí ìbọn àwọn tí ń bọ̀ wá jọba lé wa lórí yàtọ̀ pátápátá sí tiwa.

Ní 1893, àwọn ibùdó ogun Kírìjì túká, Ìbàdàn sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún kan náà, ní Jámánì, Hugo Borchardt gbé ìbọn ìléwọ́ kan jáde tí ó ń ki ara rẹ̀: bí ọta kan bá ti jáde, agbára rẹ̀ á ti irin orí ìbọn sẹ́yìn, á sọ idẹ òfìfo nù, á sì fi ọta mìíràn sí ipò rẹ̀. Ọdún kan ni, ayé méjì.

Òfin Nàìjíríà lórí ìbọn, ti 1959, tẹ̀ lé ìlà kan náà. Ó pín ìbọn sí ìsọ̀rí: ìbọn àkìlẹ́nu bí ṣakabùlà wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìbọn ìléwọ́ wà láàrin àwọn tí a kà léèwọ̀, pẹ̀lú ìbọn ológun. Nípa bẹ́ẹ̀, ìbọn tí ó ń kọ̀ ni ó kù sí oko, èyí tí ń ki ara rẹ̀ sì di ti ọlọ́pàá àti ọmọ-ogun.

Oògùn àti ẹ̀rí

Mo ti dé ibi tí ó gba ìṣọ́ra. Ní gbogbo agbègbè yìí, a ń gbọ́ ìtàn akọni tí ìbọn kọ̀ sí lára. Ayẹta ni a ń pe oògùn rẹ̀. Èmi kò wá síhìn-ín láti bu ẹnu àtẹ́ lu ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ òpìtàn láti máa rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rí tí àgbà jẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀rí náà jẹ́ òtítọ́ ní apá kan tí a kò fiyè sí: ìbọn náà kọ̀ lóòótọ́. Ẹni tí ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé wọ́n fa ìbọn sí òun tí kò dún kò purọ́. Bí ìbọn bá ń kọ̀ ní ìgbà 2 nínú 13, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ yóò pọ̀ ní ìlú tí ó fi àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jagun. Ẹni tí ìbọn kọ̀ sí lára yè, ó sì sọ ọ́. Ẹni tí kò kọ̀ sí lára kò padà wálé wá sọ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ na àlàyé yìí kọjá ibi tí ó dé. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ abúlé wọ̀nyí dìde lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà. Owó orí ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, owó kòkó kò tó nǹkan, àwọn agbowó-orí sì ń fìyà jẹ wọ́n. Táfà Adéoyè ní Akánrán di aṣáájú tí orúkọ rẹ̀ kàn jù. Ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ wọn gbé. Ọlọ́pàá tí wọ́n dojú kọ sì ní ìbọn tí ń gba ọta onídẹ, tí ẹ̀tù àti ìṣáná rẹ̀ wà nínú ìdì kan, tí ìrì kò lè tètè bà jẹ́. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọ̀. Ìtàn ayẹta tí ó bá bàbá ńlá mu kò wá bá ọmọ mu mọ́, nítorí pé ìbọn ti yí padà, ìgbàgbọ́ kò sì yí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú ní ìhà méjèèjì. Ní ìgbẹ̀yìn, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní 1969, ìjọba sì dín owó orí kù sí pọ́ùn 2. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìfaradà àwọn àgbẹ̀ ni ó ṣẹ́gun yẹn. Mo sọ èyí kí a lè mọ̀ pé òye tí kò tọ́ nípa ìbọn tí ó kọ̀ lè ná ènìyàn ní ẹ̀mí.

Òfin mẹ́ta

Òye tí ó tọ́ wà pẹ̀lú, ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ náà ni ó sì wà. Nínú ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ọdẹ láti abúlé dé abúlé, òfin mẹ́ta ni mo rí fà yọ.

Òfin kìn-ín-ní ni pé kí a mọ ibi tí ẹnu ìbọn kọjú sí. Ìbọn tí ó kọ̀, ibi tí ó kọjú sí nígbà tí a fà á náà ni kí ó máa wò, tàbí kí a rọra darí rẹ̀ sí ilẹ̀ níbi tí kò sí ènìyàn. A kò gbọ́dọ̀ yojú wo inú rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ dí ẹnu rẹ̀.

Òfin kejì ni sùúrù. Kí ìka kúrò lára irin tí a ń fà, kí a sì dúró. Iná lè ṣì máa rákòrò nínú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Òfin kẹta ni pé a kì í ki ìbọn lé ìkì lórí. Kí a kọ́kọ́ mú orísun iná kúrò: kí a gbọn ẹ̀tù inú àwo dànù, tàbí kí a yọ kápù. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ọ̀pá ìkìbọn wọn inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, láì na orí sí iwájú ẹnu ìbọn. Ọdẹ tí ó gbọ́n ti fi àmì sí ara ọ̀pá yìí nígbà tí ìbọn ṣófo; bí àmì náà bá ga ju ẹnu ìbọn lọ, nǹkan ṣì wà nínú. Bí ihò bá dí, a ó là á láti ẹ̀gbẹ́, a ó sì yin ìbọn náà sí ilẹ̀ níbi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára. Bí ó bá ṣì kọ̀, a ó fi omi rin ẹ̀tù náà títí tí kò fi ní lè gbiná mọ́, kí a tó tú u.

Ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn abúlé yìí ti di ọlọ́pàá àti ọmọ-ogun, a sì ti fi ìbọn ìléwọ́ tí ń ki ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Òun náà máa ń kọ̀. Ọta kan lè dákẹ́; idẹ òfìfo lè há sí ojú ibi tí ó yẹ kí ó gbà jáde; ọta méjì lè fún ara wọn pọ̀ sí ẹnu ọ̀nà kan. Ohun tí wọ́n sì ń kọ́ wọn kò yàtọ̀ sí ohun tí bàbá ọdẹ mọ̀. Kí ẹnu ìbọn kọjú sí ibi tí kò léwu, kí ìka sì kúrò lára irin tí a ń fà. Ìbọn náà kúrú, ó sì rọrùn láti yí i sí ara ẹni láìmọ̀. Bí a bá fà á tí kò dún, kí a dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá ó kéré tán. Lẹ́yìn èyí, kí a kọ́kọ́ yọ àpò ọta tí ó wà nínú ìdí rẹ̀, kí a tó fa irin orí rẹ̀ sẹ́yìn láti lé èyí tí ó há jáde. Ẹni tí ó bá fa irin sẹ́yìn kí ó tó yọ àpò ọta, bí ó ti ń lé ọ̀kan jáde ni ó ń fi òmíràn sí i, yóò sì gbà pé ìbọn ti ṣófo. Kí a wá fi ojú wò ó, kí a sì fi ìka kàn án, pé kò sí ọta kankan nínú ilé ọta. Bí dídún rẹ̀ bá sì ti rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kí a má ṣe fà á lẹ́ẹ̀kejì títí a ó fi mọ̀ dájú pé ọta kò há sínú ọ̀pá rẹ̀. Lójú ìjà, wọ́n lè kọ́ ọmọ-ogun láti yára ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ní ibi ìdánrawò, ní àgọ́ àti nínú ilé, sùúrù ni òfin.

Ẹ ó rí i pé ìbọn yí padà, òfin kò yí: ẹnu rẹ̀, ìdúró, àti kí a má ki ohun tí kò tíì ṣófo. Ọdẹ tí kò ka ìwé kankan àti olùkọ́ àwọn ọmọ-ogun dé ibi kan náà, nítorí pé ohun kan náà ni ó kọ́ àwọn méjèèjì.

Ìkádìí

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, wọ́n ṣí ẹgbẹ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn, a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọdẹ láti ṣọ́ oko àti ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò gbé ẹ̀yìn ọdẹ àgbà dàgbà ń gbé ìbọn. Wọ́n mọ ìtàn Kírìjì, wọ́n mọ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà, wọ́n sì ti gbọ́ nípa ayẹta. Èyí tí mo bẹ̀rù pé wọn kò gbọ́ ni ìbéèrè bàbá Lálúpọn yẹn.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn: nígbà tí ẹ bá dé abúlé láti gba ìtàn sílẹ̀, ẹ má béèrè nípa ogun tí a ṣẹ́ nìkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà ọdẹ ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ìbọn rẹ̀ kọ̀, ẹni tí ó kọ́ ọ, àti ẹni tí kò kọ́ tí ó fi ọwọ́ tàbí ojú rẹ̀ san án. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́. Ìtàn ni, ẹ̀mí ènìyàn sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.